Kudu Ni Bàbá Wí, Kudi Ni Oyèbámijí Gbọ́

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé eré ọwọ́dilẹ̀ kò lè so ènìyàn mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́ ìso, ní kó lọ bi Oyèbámijí tó ń ta táìlì ní Sabon Gari, Zaria.

Eré lásán ló pè é níbẹ̀rẹ̀. Ó ra ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní ditẹ́kítọ̀. Wọn a máa gbé e kọjá lórí ilẹ̀; bí irin bá wà nísàlẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó kọ́kọ́ rí ìṣó àti ìdérí ìgò. Lẹ́yìn náà ló rí ọ̀nínì kan, owó àtijọ́ tó ní ihò láàrin. Ó fọ̀ ọ́, ó nù ún, ó ń dán. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n Oyèbámijí sọ fún ara rẹ̀ pé ibi tí ọ̀nínì bá wà, wúrà kò ní í jìnnà. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ ti wọ inú ilẹ̀ lọ.

Oníbàárà á dé ṣọ́ọ̀bù, wọn á bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà. Tinúkẹ́, ìyàwó rẹ̀, á bá a sọ̀rọ̀ títí, kò ní í gbọ́, nítorí ohun tí a fi ń gbọ́ ẹ̀rọ ti dí i létí.

Ohun tó wá ń ba òun fúnra rẹ̀ lẹ́rù ni pé ó fẹ́ jáwọ́, kò sì lè jáwọ́. Ó gbé ẹ̀rọ náà sókè àjà, ó ní ó tán. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, òun náà ló gun àga lọ gbé e wálẹ̀. Ó ti há, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ọládòṣù, ọ̀rẹ́ rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ń lọ síṣẹ́ ní Shika, mọ̀.

“Oyè, o ń wá ohun tó sọnù kiri. Ìwọ tó sọnù ńkọ́? Jésù ń wá ọ o.”

“Haba, Ọládòṣù!” Oyèbámijí rẹ́rìn-ín. “Mo sọnù báwo? Ṣebí èmi náà nìyí níwájú ẹ!”

Ó di ọjọ́ Sunday kan nígbà ọyẹ́. Tinúkẹ́ ní, “Bàbá Morọ́láolúwa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lónìí.”

“Ẹ máa lọ. Ẹ bá mi gbàdúrà kí n rí wúrà.”

Ó kọrí sí àwókù ilé amọ̀ kan lẹ́yìn àdúgbò Gyellesu. Bàbá àgbàlagbà kan, Malam Sàlíhù, ń da ewúrẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó rí i pẹ̀lú ṣọ́bìrì, ó nawọ́ sí apá ibì kan, ó ní, “Akwai rami ta kudu. A yi hankali.”

Ẹni tó gbọ́ Hausa mọ̀ pé ohun tí bàbá wí ni pé ihò wà ní apá gúúsù, kó ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n Hausa ọjà ni Oyèbámijí gbọ́, eyín ẹnu bàbá kò sì pé mọ́. Rami, ìyẹn ihò, ó gbọ́ ọ. Kudu, ìyẹn gúúsù, kudi ló gbọ́ ọ sí. Owó! Ohun tó kún ọkàn ènìyàn náà ni etí rẹ̀ ń gbọ́. Inú rẹ̀ dùn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá, ó sì gba ibi tí wọ́n ní kó má gbà lọ.

Ẹ̀rọ ké. Ó ké kíkan. Oyèbámijí gbẹ́ ilẹ̀, ó kan irin, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró lé e. Páánù tó ti dípẹtà ni, èyí tí wọ́n fi bo ẹnu kànga àtijọ́. Páánù náà já, òun náà já sínú kànga.

Kànga gbígbẹ ni, ṣùgbọ́n ó jìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Ògiri há mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè na apá. Bó bá ti mira, yẹ̀pẹ̀ á ya lù ú lórí. Fóònù rẹ̀ fọ́. Ó pariwo títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ.

Ẹ̀rọ náà ti jábọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Ohun àfigbọ́ ti já kúrò lára rẹ̀, ariwo rẹ̀ wá gba gbogbo inú kànga náà. Ó kọjú sí irin ìgbànú Oyèbámijí, ó ń ké sí i, bó ṣe máa ń ké sí ohun tí wọ́n ti bò mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ Ọládòṣù yé e. Ẹ̀rù bà á, ìtìjú sì mú un. Ó sunkún, ó ní, “Jésù, èmi rèé o. Èmi ni mo sọnù. Mo ti wà nínú kòtò tipẹ́ kí n tó já sínú èyí. Dárí jì mí. Wá mi rí.”

Nígbà tí Tinúkẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tí kò bá ọkọ rẹ̀, ó rán Ọládòṣù lọ wá a. Ó bi àwọn ènìyàn léèrè títí ó fi kan Malam Sàlíhù, ẹni tó mú un dé àwókù náà. Wọ́n dúró, wọ́n dẹtí. Ilẹ̀ ń ké.

“Oyè! Mo ti rí ọ o! Má mira!”

Àwọn ará àdúgbò fi okùn fà á jáde. Bàbá náà mi orí, ó ní òun kò ha ti sọ pé rami wà ní kudu?

“Kudu?” Oyèbámijí bú sẹ́kún. “Kudi ni mo gbọ́.”

Nígbà tí Oyèbámijí wà lórí ibùsùn ní ilé ìwòsàn ni Ọládòṣù ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe òkè kànga ni Jésù dúró sí tó ń pe ẹlẹ́ṣẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa nínú kòtò, ó kú ikú wa, ó sì jíǹde kó lè fà wá jáde. Oyèbámijí gba Jésù gbọ́. Ó ń tiro títí dòní, ṣùgbọ́n kò há mọ́.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, kí lo há sí? Ọtí ni? Obìnrin ni? Owó ni? O ti gbé e sókè àjà rí, o sì tún gun àga lọ gbé e. Agbára rẹ kò lè yọ ọ́, má tan ara rẹ. Ké pe Jésù níbi tó o wà yẹn gan-an.

Má sì ṣi ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. “Lónìí” ni Ọlọ́run ń wí. Ṣé kì í ṣe “lọ́la” ni ìwọ ń gbọ́?