Ògiri Kẹrin

"Má tíì hà á!" Àǹtí mi gba irin pẹlẹbẹ náà lọ́wọ́ mi. "Omi ò tíì mu bébà yẹn. Gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Tó bá ń yọ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ, ó ti ṣe tán nìyẹn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, Kíákíá."

Kíákíá ni gbogbo ilé ń pè mí, ẹ ò sì ní pẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Àǹtí mi, àbúrò bàbá mi, iṣẹ́ ilé kíkùn àti bébà ògiri lílẹ̀ ni wọ́n ń ṣe jẹun. Yàrá ìyá àgbà la ń tún ṣe. Ikọ́ ti dá wọn dúbúlẹ̀ sí ọsibítù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ̀rù ń bà mí pé ikọ́ yẹn fẹ́ gbà wọ́n lọ́wọ́ mi.

Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, a ti ha bébà àtijọ́ kúrò lára ògiri mẹ́ta, a sì ti lẹ tuntun. Ó ku ẹ̀kẹrin, èyí tí ìyá àgbà máa ń gbórí sí tí wọ́n bá sùn. Àǹtí mi ní iṣẹ́ níbòmíràn. Wọ́n ní kí n rẹ ẹ́, kí n hà á, kí n sì dúró dè wọ́n di ọjọ́ kejì.

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí ọ̀rẹ́ mi yọrí lójú fèrèsé.

"Bọ́ọ̀lù àṣekágbá ku wákàtí kan! Àbí bébà lo fẹ́ fi ṣe ọkọ ni? Lẹ tuntun lé ògbólógbòó lórí, jàre. Ta ló fẹ́ wo abẹ́ rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí mi ju bó ṣe yẹ lọ. Kò pẹ́ tí mo fi lẹ̀ ẹ́ tán, ó di pápá. A jẹ góòlù méjì, mo sì pariwo títí ohùn mi fi há.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, bébà tuntun ti wú káàkiri, ó hunjọ bí aṣọ tí wọn ò lọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní ká ti kọ́bọ́ọ̀dù dí i kí Àǹtí tó dé. A ti gbá a mú kí n tó rántí bí ìyá àgbà ṣe máa ń di àyà mú tí wọ́n bá ń wúkọ́. Ògiri tí wọ́n ń gbórí sí kọ́ ló yẹ kí n fi irọ́ bò, ni mo bá fi kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀. Bí Àǹtí mi ṣe wọlé, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, mi ò ha ògiri yìí. Bébà ni mo lẹ̀ lé bébà. Bọ́ọ̀lù ni mo lọ wò."

Wọ́n wò mí, wọ́n wo ògiri. "O fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, o ń pa làpálàpá. Ó dáa tó o jẹ́wọ́. Lọ gbé omi gbígbóná wá. Ìwọ náà, òǹwòran bọ́ọ̀lù, mú fóòmù!"

A rẹ ẹ́. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, kò yọ̀, mo dúró. Mo tún dúró. Nígbà tó yá, ó yọ̀. Mo fà á, bébà méjèèjì sì ká wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òórùn ló kọ́kọ́ kọ lù wá. Ògiri náà ti bu láti ilẹ̀ dé ìbàdí mi, ó dúdú bí búrẹ́dì tí wọ́n gbàgbé sínú ọ̀rá.

"Ha!" Àǹtí mi jókòó sílẹ̀. "Páìpù ń jò nínú ògiri! Ohun tí ìyá mi ń fà símú lójoojúmọ́ rèé!"

Púlọ́ńbà pààrọ̀ páìpù lọ́sàn-án ọjọ́ náà. A ha ògiri, a fọ̀ ọ́, a ṣí fèrèsé sílẹ̀ kó lè gbẹ dénú. Mo fi yàrá mi sílẹ̀ fún ìyá àgbà fún ọ̀sẹ̀ méjì, orí ẹní ni mò ń sùn, kò sì dùn mí. Lẹ́yìn náà, èmi nìkan ni mo lẹ bébà ògiri kẹrin. Àǹtí mi fọwọ́ pa á látòkè délẹ̀, wọn ò rí ibi tó wú.

Láàárọ̀ tó tẹ̀lé òru àkọ́kọ́ tí ìyá àgbà sùn sínú yàrá wọn, gbogbo wa dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, à ń retí ikọ́. Orin la gbọ́. Ìyá àgbà ń kọrin, ohùn wọn já gaara! Igbe ayọ̀ tí mo ké kọjá ti pápá.

"Kíákíá," wọ́n pè mí wọlé, "sùúrù rẹ ló fún mi ní èémí yìí."

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, àṣìṣe tí a bá bò mọ́lẹ̀ kì í kú, abẹ́ ibẹ̀ ló ti ń bu sí i. Ẹ ṣí i síta, ẹ jẹ́wọ́, kí ẹ sì tún un ṣe.