Inú Àgbá Ti Kan

Apá ọkùnrin náà wà nínú ìgbẹ́ màlúù títí dé ìgbọ̀nwọ́ lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ rí obìnrin náà.

Obìnrin náà ń bọ̀ láti ilé ìwádìí, aṣọ funfun lọ́rùn, àpótí tí wọ́n fi ń gbé ìgò ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́. Oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tó dé ẹ̀yìnkùlé yẹn tí kì í di imú. Èyí kò di imú. Ó dúró, ó wo àgbá irin ńlá náà láti ìsàlẹ̀ dókè.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ̀yin lẹ ń fún fírísà wa níná?"

"Èmi kọ́, mà. Màlúù ni."

Ó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó rántí ohun tó wà lọ́wọ́ òun, ó yára fi í pamọ́ sẹ́yìn bí ọmọ tó jí ẹran nínú ìkòkò.

Ọ̀gá Àgbá ni wọ́n ń pè é. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ìwé mẹ́fà ló kà mọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó da ìgbẹ́ màlúù, pòròpórò àti èso jíjẹrà sínú àgbá, kí ó dé e pa, kí wọ́n rà níbẹ̀ títí gáàsì yóò fi jáde. Gáàsì yẹn ló ń gbé ẹ̀rọ amúnáwá ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ náà ló ń mú kí fírísà yàrá ẹ̀jẹ̀ tutù.

Ìyá Ìgò ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Ó ti lọ́kọ rí. Ọkọ lọ, kò padà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa wá àmì jẹjẹrẹ nínú ẹ̀jẹ̀, nígbà tí ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ kò tíì mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ló wà nínú fírísà yẹn. Bí ó bá gbóná, gbogbo rẹ̀ di omi.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá sẹ́yìnkùlé lọ́sàn-án, tí yóò dojú ike délẹ̀, tí yóò jókòó lé e.

"Ọ̀gá Àgbá, kí ni àgbá jẹ lónìí?"

"Ọsàn tó jẹrà. Ó ti gùfẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta."

"Ó sàn ju èmi lọ. Èmi ò tíì jẹun."

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà mú ọsàn tí kò jẹrà wá. Kò sọ pé òun ra á fún un. Ẹ̀rù ń bà á. Ó kàn gbé e sórí ike, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìgbà náà ni dókítà tuntun dé. Ó ga, ohùn rẹ̀ wúwo, ìwé rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọ yàrá ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà sílẹ̀, ẹ̀yìnkùlé sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà náà. Ohun tí Ọ̀gá Àgbá rí láàárọ̀ ọjọ́ kan nìyí: bàtà funfun kékeré, bàtà aláwọ pupa ńlá, wọ́n sún mọ́ra. Ẹsẹ̀ kan èyí ńlá gun orí èyí kékeré.

Oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ yẹn, àgbá ló jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó rìn lọ síbẹ̀ bí ẹni tó ń yẹ páìpù gáàsì wò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fa bàtà ńlá náà kúrò, ó fi ìwọ̀n gígùn apá kan jìnnà sí kékeré. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n tún ti sún mọ́ra. Ó tún lọ fà á. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí inú rẹ̀ ru jù, ó gbé e dé ẹ̀yìn ìkòkò òdòdó. Dókítà jáde, ó ń fi ibọ̀sẹ̀ fò lórí ilẹ̀ gbígbóná.

"Ta ló gbé bàtà mi?"

Ọ̀gá Àgbá ń wo páìpù bí ẹni tó ń ka lẹ́tà.

Àwọn bàtà yẹn kọ́ ló wá bà á jẹ́. Ọ̀rọ̀ ni. Ó gbọ́ ọ lójú fèrèsé.

"Ìyá Ìgò, fírísà kejì ń bọ̀," ni dókítà wí. "Iná ìgbẹ́ yìí ò lè gbé e. Ẹ jẹ́ kí n bá yín wá iná gidi."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn wọ ọkùnrin náà lára bí ẹ̀gún.

Ọ̀gá Àgbá sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé àgbá òun yóò gbé e. Apẹ̀rẹ̀ kan ni àgbá ń jẹ láàárọ̀. Ó fún un ní mẹ́rin. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ́ àwọn èèyàn pé ikùn ni àgbá, díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹun. Ṣùgbọ́n owú kì í gbọ́ ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ kìíní, gáàsì pọ̀ sí i. Àyà rẹ̀ wú. Lọ́jọ́ kẹta, òórùn yí padà. Ó ki bébà tó máa ń pa àwọ̀ dà bọ omi àgbá. Bébà náà pọ́n. Ó tan iná gáàsì wò. Ó pọ́n rúsúrúsú, ó ń jó bí ẹni tó fẹ́ kú.

Inú àgbá ti kan.

Ó dúró pẹ̀lú bébà lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Lánàá, dókítà fọwọ́ kan ẹ̀rọ amúnáwá. Gbogbo ènìyàn rí i. Bí ó bá ní dókítà ló bà á jẹ́, ta ni yóò jiyàn? Ó le láti sọ, ṣùgbọ́n ó rò ó. Ó rò ó dáadáa.

Lẹ́yìn náà ló sáré. Bàtà méjèèjì wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò fọwọ́ kàn wọ́n. Ó bọ́ bàtà rọ́bà tirẹ̀, ó wọlé.

"Ìyá Ìgò, ẹ kó ìgò yín. Iná máa kú kí aago mẹ́rin tó lù. Mo ti ba àgbá jẹ́."

"Báwo?"

"Mo fún un lóúnjẹ jù."

"Ẹ̀yin? Kí ló dé?"

"Owú ni."

Dókítà ló sọ̀rọ̀. "Owú ta ni?"

"Tiyín, sà. Èmi náà ni mo ń gbé bàtà yín."

Yìnyín ni wọ́n fi gba ẹ̀jẹ̀ náà là. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbé àpótí lọ sí ilé ìwòsàn tó wà lódìkejì ọ̀nà, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Kò sí ìgò kankan tó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n Ìyá Ìgò kò bá Ọ̀gá Àgbá sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni kò fi wá sẹ́yìnkùlé. Ọkùnrin náà fi ebi pa àgbá, ó ń fún un ní omi eérú díẹ̀díẹ̀ láti fi pa kíkan inú rẹ̀. Bàtà ńlá ṣì ń sún mọ́ kékeré. Ó ń wò ó. Kò lọ fà á mọ́. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, bàtà ńlá kò sí níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kọkànlá, iná gáàsì padà bọ̀ sípò, ó dúdú bí aró. Ó gbójú sókè, obìnrin náà dúró tì í.

"Bàtà dókítà kò sí lẹ́nu ọ̀nà," ni Ọ̀gá Àgbá wí. Ojú tì í bó ṣe sọ ọ́.

"Ẹ ṣì ń ṣọ́ ọ?"

"Mi ò lè purọ́. Mò ń ṣọ́ ọ."

"Ó ní kí n fẹ́ òun. Mo kọ̀. Ó ti kó lọ sí yàrá òkè."

"Ẹni tó kàwé bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn tí mò ń wo ẹ̀jẹ̀ wọn, ìtìjú ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń pa àìsàn mọ́ra títí tó fi bọ́ sórí. Ìtìjú fẹ́ pa ẹ̀yin náà, ẹ sì sáré wá sọ nígbà tí yìnyín ṣì lè gbà wá." Ó nu ojú. "Inú bí mi o. Mo sunkún."

"Ẹ forí jì mí."

"Obìnrin tó ń gbé pòròpórò wá yẹn ńkọ́? Èwo ni ẹ̀rín tí ẹ máa ń bá a rín láàárọ̀?"

"Ìyá ọlọ́mọ méje?"

"Ọmọ méje ò dí i lẹ́nu."

Ọkùnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù ò jẹ́. Ó ní, "Ṣé ẹ máa fẹ́ mi?"

"Ta ni 'ẹ'? Àwa mélòó?"

"Ṣé o máa fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí owú bá dé, èmi ni kí o sọ fún. Lọ́jọ́ náà gan-an. Má sọ fún àgbá."

"Bó bá jẹ́ ojoojúmọ́ ńkọ́?"

"Ojoojúmọ́ ni màá gbọ́."

Ó gbójú wo yàrá òkè. "Owú ti dé báyìí."

Obìnrin náà wá ibì kan jókòó, ó fara balẹ̀.

"Ó yá," ló wí. "Mò ń gbọ́."