Yanrìn Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí

Àárọ̀ Monday ni wọ́n rí páìpù náà létí odò Olódì-Àpápá. Wọ́n ti fi ayùn irin gé e wọnú kọjá ìdajì. Bẹntiróò ti bo ojú omi, ó ń dán yinrinyinrin, òkú ẹja sì dojú ikùn sókè lórí rẹ̀. Oòrùn ò tíì mú tí ilé-iṣẹ́ epo tó ni páìpù fi mọ ẹni tó gé e. Wọn ò wádìí, wọn ò bi ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn mọ̀ ni. Onoriode ni, apẹja Ajégúnlẹ̀ tó kó àwọn apẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ da òkú ẹja sẹ́nu géètì wọn ní Kìríkìrì lọ́jọ́ Sátidé, tó sì wí létí gbogbo ayé pé, "Bí ẹ ò bá tún páìpù yín ṣe, àwa la máa bá yín tún un ṣe."

Ọdún 1985 ni. Sójà ló ń ṣèjọba, òfin wọn sì le. Ẹni tó bá fọ́ páìpù epo, ìbọn ni wọ́n là sílẹ̀ fún un.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Tinú Ọládòṣù ni wọ́n gbé ẹjọ́ náà fún, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í tètè gba ẹnikẹ́ni gbọ́, títí kan ọ̀gá tirẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ páìpù náà, ó ti ìka bọ ojú ibi tí ayùn gbà. Ìyẹ̀fun irin ló bá jáde, gbígbẹ. Òmíràn kó jọ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ bí èérún búrẹ́dì. Ó wo ìka rẹ̀ pẹ́, ó nù ún.

Ọ̀gbẹ́ni Ephraim Adétòkunbọ̀ ló ń bójú tó páìpù fún ilé-iṣẹ́ epo. Díákónì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, táì kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ àfi bó bá fẹ́ sùn. Inú ọ́fíìsì rẹ̀ ni Ọládòṣù ti bá a.

"Madam, kí lẹ tún ń wá? Ọ̀daràn ti wà lọ́wọ́ yín."

"Ta ló dá epo dúró?"

"Èmi ni. Wọ́n ké sí mi láàárọ̀ Monday pé epo ń tú, mo sáré lọ ti fáàfù pa."

"Ta ló tún ní kọ́kọ́rọ́ fáàfù?"

"Èmi nìkan. A kì í kó irú ẹ̀ fún ẹni tí a ò mọ̀ rí."

"Ẹja tí wọ́n dà sí géètì yín lọ́jọ́ Sátidé ńkọ́?"

Adétòkunbọ̀ yọ ṣùtì. "Ẹ̀gbin Ajégúnlẹ̀ ló pa ìyẹn. Ṣé ẹ mọ àwọn èèyàn yẹn? Odò tí wọ́n ti ń pẹja náà ni wọ́n ń yàgbẹ́ sí. Títí di òru Sunday, kò sí ẹ̀kán epo kan níta. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, Madam. A kìlọ̀ fún Onoriode títí."

"Ó dáa," ni Ọládòṣù wí. Bó bá ti wí bẹ́ẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń wá ọ̀nà àbáyọ.

Nínú àtìmọ́lé, Onoriode jókòó sílẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ jọ.

"Ṣé ìwọ lo gé e?"

"Madam, wetin I wan gain? Odò yẹn ni ṣọ́ọ̀bù mi. Ta ló ń da bẹntiróò sínú ìkòkò ọbẹ̀ ara ẹ̀?"

"Wọ́n bá ayùn nínú ọkọ̀ ojú omi ẹ."

"Ṣé ẹ ti wo ayùn ọ̀hún? Eyín ẹ̀ ti ká tán bíi ti bàbá mi àgbà. Ẹ fi gé búrẹ́dì ká wò ó."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Ọládòṣù, ó gbé e mì. Ohùn Onoriode wá sílẹ̀. "Madam, ṣé wọ́n máa yìnbọn fún mi ni?"

Ọládòṣù dìde. Ó mọ̀ pé bí òun ò bá rí ẹlòmíràn mú kí ọ̀sẹ̀ tó parí, bẹ́ẹ̀ ni yóò rí.

Ó padà sí Olódì-Àpápá. Ara àdúgbò ti gbóná. Àwọn obìnrin to garawa òfìfo dí ojú ọ̀nà, wọ́n ní mọ́tò ilé-iṣẹ́ epo kankan ò ní kọjá àfi èyí tó bá gbé omi mímu wá. Ilé-iṣẹ́ ní àwọn ò ní gbé omi fún àwọn tó fọwọ́ ara wọn fọ́ páìpù. Ọládòṣù bèèrè ibi tí epo ti kọ́kọ́ ba omi jẹ́. Kálukú ń pariwo tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Suwaibat, tó máa ń pọn omi sí kẹ́tùlù àlùwàlá ní mọ́ṣáláṣí, kò pariwo.

"Kànga mọ́ṣáláṣí wa ni, ọmọ mi. Kì í sì í ṣe Monday. Jímọ̀ tó kọjá, kò sẹ́ni tó fi omi kànga yẹn ṣe àlùwàlá. Omi tí òórùn ẹ̀ bá ti yí padà, kò ṣeé fi kírun. Bi Àáfà."

Àáfà Abdulrasheed jáde wá, ojú rẹ̀ ṣì pọ́n.

"Òótọ́ ni. Bí omi ò bá sí, òfin wa ní ká fi ọwọ́ lu ilẹ̀ tó mọ́, ká fi pa ojú àti ọwọ́. Mo ní Ọlọ́run ti pèsè, torí ilé-iṣẹ́ epo ṣẹ̀ṣẹ̀ já yanrìn funfun sẹ́yìn mọ́ṣáláṣí ní Thursday. Wọ́n ní sàráà ni. A ṣàdúà fún wọn, a ṣe àmín."

"Ẹ wá lo yanrìn ọ̀hún?"

"Níbo? Mo gbọ́wọ́ sójú, bẹntiróò ló ń run. Ojú ta mí dọjọ́ kejì. Gbogbo ìjọ ló gbé omi wá látilé."

"Ẹ ò wí fún ẹnikẹ́ni?"

"Mo wí ní àgọ́ yín. Wọ́n ní kí n lọ máa kírun mi. Madam, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ẹ fi apẹja ọlọ́mọ yẹn lọ́rùn sílẹ̀."

Ọládòṣù kọjá sí Creek Road, ibi tí àwọn onítípà wà. Azubuike ló ni típà tó já yanrìn náà.

"Ta ló rán ẹ níṣẹ́ yanrìn?"

"Oga Ephraim. Mo bi í pé, díákónì, ìgbà wo lẹ di Alhaji? Ó ní kí n gbájú mọ́ mọ́tò mi."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Ọládòṣù mú Onoriode dé ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí tòun ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ó ti ránṣẹ́ sí Adétòkunbọ̀ pé kó wá jẹ́rìí. Àdúgbò tú jáde. Àwọn ọlọ́pàá méjì gbé ṣọ́bìrì.

"Ẹ gbẹ́ yanrìn yìí."

"Ẹ má gbẹ́ ibẹ̀," ni Adétòkunbọ̀ wí. "Ó léwu."

"Kí ló léwu nínú yanrìn sàráà?"

Adétòkunbọ̀ sún sẹ́yìn. Wọ́n gbẹ́ ẹ. Yanrìn òkè funfun, ti ìsàlẹ̀ dúdú, ó ń run. Páìpù kan yọ, ó ti dípẹtà débi tí ìpẹ́ rẹ̀ ń ṣí. Ihò wà lára rẹ̀. Wọ́n ti fi igi àti rọ́bà dí i, wọ́n fi irin ìdè ilé-iṣẹ́ epo dè é, àmì ilé-iṣẹ́ sì wà lára irin náà. Igi ti yọ, epo tó kù ń sun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Ephraim," ni Ọládòṣù wí, "ẹ ní kò sí epo níta títí di òru Sunday. Ṣùgbọ́n odindi ìjọ kan kọ omi kànga wọn ní Friday. Yanrìn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já láti òkè kì í run bẹntiróò, àfi bí bẹntiróò bá wà nísàlẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ó ń jò, ẹ dí i, ẹ da yanrìn bò ó. Ẹ ò mọ̀ pé ẹni tí kò rí omi ṣe àlùwàlá, yanrìn ló kàn."

Ọládòṣù sún mọ́ ọn.

"Nígbà tí ohun tẹ́ ẹ fi dí i yọ, odò kún fún epo. Ẹ wá ẹni tẹ́ ẹ máa tì í sí lọ́rùn, ẹ lọ gé páìpù níbòmíràn. Ìyẹ̀fun irin ṣì wà lójú ibẹ̀, gbígbẹ. Bí epo bá tú níbẹ̀ rí, ì bá ti gbá a lọ. Ẹni tó gé e ti kọ́kọ́ ti fáàfù. Ẹ̀yin lẹ sì fẹnu ara yín sọ fún mi pé kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn."

Adétòkunbọ̀ tú táì rẹ̀. "Mo ti sọ fún àwọn ọ̀gá pé mo ti pààrọ̀ páìpù yìí. Iṣẹ́ mi ni ì bá lọ."

"Ti Onoriode ńkọ́? Kí ni ì bá lọ?"

Ọládòṣù ṣí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ apẹja, ó kó o bọ díákónì lọ́wọ́.

Èrò ru. Ọkùnrin kan ti yí táyà dé, ó fa páálí ìṣáná yọ. Kí ọlọ́pàá tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Onoriode ti di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bros, wo ilẹ̀ tó o dúró lé. Bó o bá ṣá a, òun nìkan kọ́ ló máa jó. Ìyàwó ẹ ló wà lẹ́yìn ẹ yẹn."

"Ṣé ìwọ lo ń gbèjà ẹ̀? Ẹni tó ní kí wọ́n pa ẹ́?"

"Mi ò gbèjà ẹ̀. Bó bá kú síbí, wọ́n á ní àwa la pa á, a ò sì ní rí omi gbà láéláé. Jẹ́ kó dé kóòtù, kó fẹnu ẹ̀ sọ ohun tó ṣe fún odò wa. Òkú ò lè sọ ọ́."

Ọkùnrin náà mí hẹlẹ, ó tú ọwọ́ sílẹ̀. Onoriode gba páálí ìṣáná, ó tì í bọ àpò. Ó di Adétòkunbọ̀ mú ní apá kan, Ọládòṣù dì í mú ní èkejì, wọ́n sì gba àárín èrò kọjá. Adétòkunbọ̀ ń sún mọ́ apẹja náà ju ọlọ́pàá lọ, títí wọ́n fi dé ìdí mọ́tò.