Ẹ Kà Á Mọ́ Mi

"Ọmọ ọdún mélòó ni yín?"

Títí di òní olónìí, Phebe kò rí èsì fún ìbéèrè yìí. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ bi í lójú ẹlòmíràn, tí ẹni tó bi í sì gbé bírò dání tó ń retí ìdáhùn, ni ọjọ́ ìkànìyàn, ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 1991. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́ta ni. Ìjọba ti pàṣẹ kí olúkúlùkù gbélé rẹ̀. Ní Òṣogbo, ṣọ́ọ̀bù tì, mọ́tò kò rìn, ewúrẹ́ nìkan ló ń yan kiri ní títì bí ẹni tó ra ìlú.

Phebe kò lè jókòó. Ó ti gbá àgbàlá lẹ́ẹ̀mẹta láti àárọ̀. Ó ká aṣọ Olúwatómisìn, ọmọbìnrin rẹ̀ olóṣù mọ́kànlá, sínú báàgì, ó tú u jáde, ó tún ká a padà. Màmá Ọmọ́yẹlé, àbúrò bàbá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, ló wá láti abúlé wọn lẹ́bàá Ìmẹ̀sí-Ilé láti mú ọmọ náà lọ. Ìkànìyàn ló dá a dúró. Bí ọ̀nà bá ti là, wọn yóò wọ mọ́tò.

Kí ló lè mú abiyamọ fẹ́ fi ọmọ tó ṣì ń mu ọmú sílẹ̀? Ọ̀rọ̀ ìdílé ni. Ìyá ìyá Phebe kú lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún, ọmọ wà ní pípọ̀n lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ ọ̀hún ni ìyá Phebe. Òun náà dàgbà, ó lọ́kọ, ó kú lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún, Phebe wà lẹ́yìn rẹ̀. Làwọn ará ilé bá gbà pé ọmọbìnrin tí ikú bá bá lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ti jogún ọjọ́ náà nìyẹn. Phebe rò ó títí, ó ní bí òun bá já Tómisìn lẹ́nu ọmú, tí wọ́n gbé e jìnnà sí òun, ogún burúkú náà kò ní rí ẹ̀yìn tí yóò gùn. Ohun tí kò jẹ́ kó sinmi ni pé kò mọ ìgbà tí òun yóò pé ọgbọ̀n ọdún. Ó lè jẹ́ ọdún tó ń bọ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀la. Bí orí bá fọ́ ọ báyìí, á ní ó ti dé.

Oòrùn ti ga nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Barnabas wọlé, ìwé ìjọba lábẹ́ apá, bàtà rẹ̀ pupa fún eruku. Òun ló ń kọ́ Phebe ní ìwé kíkà ní ilé-ẹ̀kọ́ àgbà, ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ kú ilé o."

"Ẹ káàbọ̀, Tíṣà," ni Àlájà Kàdíjátù, onílé wọn, dáhùn. Aláró ni, aró ti mú ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. "Kí ni ìjọba fẹ́ fi wá ṣe tí wọ́n ń kà wá?"

"Kíkà lásán ni, Àlájà."

"Adìẹ náà, kíkà ni wọ́n ń kọ́kọ́ kà á."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó bi í ní ọjọ́ orí. "Kọ ọgọ́ta," ni Àlájà wí. "Bí kò bá tíì pé, màá bá a débẹ̀."

Ó kan Phebe. Ó ní ọkọ òun, Bándélé, wà ní Iperindo, níbi tó ti ń wa góòlù. Tíṣà ní ibẹ̀ ni wọn yóò ti kà á. Lẹ́yìn náà ló bi í ní ìbéèrè ọjọ́ orí. Phebe tún bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ ọmọ.

Màmá Ọmọ́yẹlé bá a fèsì. "A ti gbòmìnira kí wọ́n tó bí i. Nígbà tí wọ́n ń sunlé ara wọn nígbà wẹ́tìẹ̀, ó ti ń sáré kiri."

Tíṣà ṣírò rẹ̀ lórí ìka. "Á jẹ́ pé ó wà láàárín ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n sí ọgbọ̀n."

"Ẹ má kọ ọgbọ̀n!" Phebe figbe ta. Ọmọ bú sẹ́kún.

Tíṣà gbé bírò sílẹ̀. Màmá Ọmọ́yẹlé ro gbogbo rẹ̀ fún un, àti ọ̀rọ̀ báàgì pẹ̀lú. Àlájà pàtẹ́wọ́.

"Ẹni tí ò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, ta ló wá sọ ọjọ́ tí yóò kú fún un?"

"Àlájà, ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀."

"Mi ò fi ẹ́ ṣẹ̀fẹ̀, ìyàwó. Ọwọ́ Ọlọ́run nìyẹn wà. Kò sí lọ́wọ́ ará ilé yín."

Tíṣà rọra sọ̀rọ̀. "Ìyá Tómisìn, ẹ rántí ìbéèrè tí ẹ bi mí ní kíláàsì nípa Jésù?"

Ó rántí. Wọ́n kà á pé Ó ti wà kí wọ́n tó dá ayé, òun sì nawọ́ sókè: ṣé pé Jésù dàgbà ju Màríà tó bí i lọ ni? Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Tíṣà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó dàgbà jù ú lọ. Nígbà náà, ọ̀rọ̀ náà kàn kọjá létí rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ yìí, pẹ̀lú ọmọ tó ń ké, ó yàtọ̀. Ọmọ tí Màríà ń gbé jó, òun ló gbé Màríà ró. Kò sí ẹni tó kọ ọjọ́ tí wọ́n bí Phebe sílẹ̀, ṣùgbọ́n Ẹni tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀ ti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣubú. Bí òun náà bá ṣubú lọ́la, yóò ṣì wà. Ta ni òun wá ń gbé ọmọ pamọ́ fún?

Ẹ̀rù kò lọ o.

"Ẹ má bínú," ni Tíṣà wí, "iṣẹ́ ni mo bá wá. Ọmọ yìí ńkọ́? Ṣé kí n kà á mọ́ ará ilé yìí, àbí kí n kà á mọ́ ìyá tó ń gbé e lọ?"

Màmá Ọmọ́yẹlé ti fa báàgì mọ́ra. Phebe gbé ọmọ rẹ̀ nílẹ̀, ọmọ náà sì ń fi imú wá ọmú kiri.

"Ẹ kà á mọ́ mi."

"Phebe! Èmi ni mo tú ìwọ kúrò lẹ́yìn òkú. Ṣé ó yá kí ẹnìkan tún wá tú tirẹ̀ ni?"

"Ìyá mi, ẹ ṣé tí ẹ tú mi. Ọlọ́run yóò san án fún yín. Ṣùgbọ́n èmi ṣì wà láàyè. Ẹni tó ti wà ṣáájú gbogbo ìdílé wa ni mo fi ọmọ mi lé lọ́wọ́, bí mo wà, bí mi ò sí." Ó yíjú sí Tíṣà. "Ẹ kọ ọgbọ̀n náà, sà."



Màmá Ọmọ́yẹlé bínú lọ. Oṣù mẹ́fà ni kò fi dẹ́sẹ̀ sí Òṣogbo. Phebe ní tirẹ̀ kò rí oorun sùn gbádùn. Láràárọ̀, kó tó tan sítóòfù, yóò gbé ọwọ́ lé àyà ọmọ, yóò gbé e lé tirẹ̀, yóò ní, "Jésù, Ìwọ tó ti wà kí àná tó wà, òní rèé o." Títí ìyálẹ̀ta, ara rẹ̀ á balẹ̀. Tó bá di ọ̀sán, bó bá wúkọ́, ìbẹ̀rù á padà, òun náà á tún un wí. Ọjọ́ mìíràn wà tó wí i nígbà mẹ́wàá. Nígbà tí ìjọba kéde iye èèyàn, tí ìlú kọ̀ọ̀kan ń pariwo pé wọn kò ka àwọn pé, kò bá ẹnikẹ́ni dá sí i. Iye kan ṣoṣo ni òun ń bá jà. Ọdún yí, òmíràn tún yí. Tómisìn wọ iléèwé.

Ní ọdún 1998, Màmá Ọmọ́yẹlé sùn nínú Olúwa, Phebe sì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kékeré abúlé wọn láti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn olóògbé. Nígbà tó ti mọ̀wé kà, ó ṣí ìwé náà sẹ́yìn, títí dé ojú ewé ìyá rẹ̀, títí dé ti ìyá ìyá rẹ̀. Ọwọ́ kan náà ló kọ méjèèjì, ọwọ́ katikíìsì àtijọ́ kan tó sìn níbẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀ títí tó fi darúgbó. Phebe wá ń ka àwọn yòókù. Gbogbo arúgbó tí katikíìsì náà kọ sínú ìwé, ọgọ́rin ọdún ló kọ síwájú orúkọ wọn. Obìnrin mọ́kànlá ló fi ọmọ ọwọ́ sílẹ̀ lọ. Ọgbọ̀n ọdún ló fojú bù kọ síwájú gbogbo wọn.