Ògiri Tí Wọ́n Lù

Ojú ògiri náà dúdú láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í ṣe èéfín. Ó dúdú bí ojú obìnrin tí wọ́n gbá lẹ́ṣẹ̀ẹ́, ó sì wú. Mo fọwọ́ kàn án. Ó gbóná.

"Ọ̀rinrin ni, Àǹtí," ni Pẹ́ńsùlù wí. "Iyẹ̀pẹ̀ tuntun máa ń mumi."

Mò ń ṣọ́ ọ. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó ti di àwọ̀ ewé. Lẹ́yìn náà ó pọ́n bí èso ìyeyè, ó sì parẹ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, òmíràn yọ nísàlẹ̀, níbi tí ìhà ènìyàn máa ń wà. Èmi ò lọ síléèwé, ohun tí ojú mi rí ni mo mọ̀. Ọ̀rinrin kì í san bí ara ṣe ń san.

Ọmọ àbúrò mi ni Pẹ́ńsùlù, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ló ń kọ́ ní yunifásítì, pẹ́ńsùlù kì í sì í kúrò nínú irun rẹ̀, òun ni àdúgbò fi sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ó ní òun ò ní ya ilé sórí bébà lásán bí àwọn ẹgbẹ́ òun. Òun á kọ́ gbọ̀ngàn fún àdúgbò wa, ibi tí ọmọdé á ti máa kàwé, tí obìnrin á ti máa rí ibi jókòó. Kò sì ní ra bíríkì tuntun kankan. Àwókù ilé la máa fọ́, a ó pò ó mọ́ amọ̀, a ó dà á sáàárín pákó méjì, a ó máa gún un títí yóò fi le bí òkúta. Ó ní ayé ti ru ẹrù sìmẹ́ńtì tó. Inú mi dùn sí i, a sì ti gbé ògiri àkọ́kọ́ dìde. Ṣùgbọ́n bí àwọn olùkọ́ rẹ̀ bá dé tí wọ́n rí àbùkù lára ògiri náà, wọ́n á ní kí wọ́n wó o, ọmọ mi ò sì ní gba ìwé ẹ̀rí.

Olóore ló fún wa ní àwókù. Bí àdúgbò ṣe ń pè é nìyẹn, nítorí pé ó lawọ́. Wọ́n ń fẹ ojú ọ̀nà, wọ́n wó ilé rẹ̀, ó ní ká kó gbogbo rẹ̀. Ó tiẹ̀ bá wa fọ́ ọ. Àwókù yàrá ẹ̀yìn, òun nìkan ló fi òòlù fọ́ ọ wẹ́wẹ́, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́. Gbogbo ènìyàn ń yìn ín. Èmi ò yìn ín.

Mo mọ ìyàwó rẹ̀. Èmi ni mò ń ránṣọ fún un. Tí tépù bá ti kan ìhà rẹ̀, á fà sẹ́yìn, á wá rẹ́rìn-ín pé ọwọ́ mi tutù. Ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí ilé wọn kí wọ́n tó wó o. Gbogbo wa là ń gbọ́ tó bá ń lù ú, lọ́sàn-án gangan, àwọn aládùúgbò á sì yí rédíò wọn sókè. Ti Tíṣà ló máa ń pariwo jù. Mo ti kan ilẹ̀kùn yẹn títí ọwọ́ mi fi bó. Tíṣà náà ló wá fà mí kúrò, àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

"Ìyá aránṣọ, ẹ rọra," ló wí, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń gbàdúrà. "Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni. A kì í dá sí i."

Lọ́jọ́ kan, ariwo náà dáwọ́ dúró. Olóore ní ìyàwó òun ti bá ọkùnrin lọ. Àdúgbò bá a káàánú. Wọ́n gbé oúnjẹ lọ fún un. Ẹ gbọ́ mi o: oúnjẹ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí àmì ti ìhà yẹn yọ, a gbọ́ ìró nínú ògiri. Gbì. Ó dákẹ́. Gbì. Pẹ́ńsùlù fi etí tì í, ó sì yára mú un kúrò.

"Àǹtí," ó rọ ohùn sílẹ̀, "ẹnì kan ń mí níbẹ̀."

"Ṣé ọ̀rinrin náà ló ń mí?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú àwa méjèèjì.

Ìròyìn kì í pẹ́ rìn. Nígbà tó ku ọ̀la kí àwọn olùkọ́ dé, Olóore wọlé pẹ̀lú òòlù ńlá léjìká. Tíṣà tẹ̀ lé e, àwọn ará àdúgbò sì dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmọ mi, ògiri yìí ti bàjẹ́," ni Olóore wí. "Yóò wó pa ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ jẹ́ n bá yín wó o. Màá ra bíríkì tuntun fún yín."

Pẹ́ńsùlù dúró síwájú ògiri. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Gbogbo ìwé tí mo kà ló wà níbí."

Olóore rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó di apá ọmọ mi mú, ó fi í sọ pákó. Iwájú orí ọmọ náà ya, ẹ̀jẹ̀ ṣàn bo ojú rẹ̀. Mo sáré gbé e. Tíṣà ń wo bàtà ara rẹ̀.

Olóore gbé òòlù sókè, ó là á mọ́ ibi tó dúdú. Ìró náà kì í ṣe ti amọ̀. Ti ẹran ara ni. Lójú ẹsẹ̀, awọ ya lábẹ́ ojú òun fúnra rẹ̀.

Ó nu ẹ̀jẹ̀ náà, ó wò wá bí ẹni pé ọ̀kan nínú wa ló sọ òkò. Ó tún lù ú. A gbọ́ tí egungun ìhà rẹ̀ dá, kàà, bí igi gbígbẹ. Mo rò pé yóò ju òòlù náà sílẹ̀. Kò lè jù ú. Ọwọ́ tí lílù ti mọ́ lára kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Ojú rẹ̀ ń bẹ̀ wá, apá rẹ̀ ń gbéra. Eyín rẹ̀ já sílẹ̀. Orúnkún rẹ̀ fọ́, ó wólẹ̀, ó ṣì ń lù.

"Ẹ gbà mí," ó wí, ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu rẹ̀.

Tíṣà gbá mi léjìká mú. "Ìyá aránṣọ, ẹ ṣe nǹkan. Yóò kú."

"Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, Tíṣà," mo wí. "A kì í dá sí i."

Lílù tó kẹ́yìn ló la ògiri náà. Òun náà ló fọ́ orí Olóore bí ìgbà tí igbá bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Inú ihò tó là yẹn ni irun dídì kan ti yọ jáde, bọ́tìnnì àwọ̀ ìyeyè kan sì yí wá sẹ́sẹ̀ mi, òwú aró ṣì wà nínú ihò rẹ̀. Èmi ni mo rán an mọ́ aṣọ. Ọjọ́ tó wá gba aṣọ náà ni mo rí i gbẹ̀yìn. Ó ní òun fẹ́ kí nǹkan kan máa dán lára òun.

Kò bá ọkùnrin kankan lọ.

Àwọn ọlọ́pàá wá, wọ́n gbé òkú Olóore lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ihò ògiri náà ti dí bí ọgbẹ́ ṣe ń san. Àwọn olùkọ́ náà wá, wọ́n fẹsẹ̀ gbá ògiri, wọ́n ní àwọn ò rí èyí tó le tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ mi gba ìwé ẹ̀rí, àpá sì wà níwájú orí rẹ̀ dòní. Ó fẹ́ wó ògiri náà kí a lè sin obìnrin yẹn dáadáa, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó gbé òòlù ló ń di ìhà mú kó tó lù ú. A fi í sílẹ̀. Àwọn ọmọdé ń kàwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ara rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Àfi àná. Ojú kan tún dúdú láàárọ̀, ó wú, ó sì gbóná. Ṣùgbọ́n ó wà nísàlẹ̀ gan-an, kò ju àyà mi lọ. Mo kọ́kọ́ rò pé ti ọmọdé ni. Mo wá ro gbogbo àwọn obìnrin àdúgbò wa níkọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan ṣoṣo ló kúrú tó bẹ́ẹ̀. Kì í jáde. Tó bá jàjà jáde, á fa gèlè bo ìpéǹpéjú. Ọkọ rẹ̀ ní oòrùn ni kò bá ojú rẹ̀ mu.

Mo ju aṣọ tí mò ń rán sílẹ̀, mo kọjá sódì kejì. Rédíò ń pariwo nínú ilé náà. Mo kan ilẹ̀kùn, mi ò sì dáwọ́ dúró títí ó fi ṣí i fúnra rẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dí dé ọrùn.

"Ìyá aránṣọ," ni Tíṣà wí, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ta ló rán yín wá?"

"Ògiri ni," mo wí, mo sì fi ẹsẹ̀ dí ilẹ̀kùn.