Òkúta Tí Wọn Ò Jẹ́ Kó Fojú Kan Omi

"Má da omi sí i o!"

Ọkùnrin tó ń ta òkúta ìpọ́nbẹ, èyí tí wọ́n fi ń pọ́n ọ̀bẹ, na ọwọ́ méjèèjì bo ọjà rẹ̀ bí ìgbà tí adìyẹ bá na ìyẹ́ bo ọmọ. Nazuna, tó wá rà á, dá ọwọ́ dúró. Ó ti ṣí ike omi kékeré tí ìyá rẹ̀ fún un.

"Kí ló dé, Bàbá?"

"O ò rí bí òtútù ṣe mú tó ni? Òkúta yìí dàgbà ju bàbá ìyá ẹ lọ. Omi á wọ inú ẹ̀, á di yìnyín, òkúta á sì là sí méjì. Ta ni yóò wá rà á lọ́wọ́ mi?"

Òótọ́ wà níbẹ̀. Ní Kameoka, ìlú wọn, kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ pé a kì í gbàgbé òkúta ìpọ́nbẹ tútù síta nígbà òtútù. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, yìnyín ti bo etí òrùlé tẹ́ńpìlì tí wọ́n ń ná ọjà náà ní àgbàlá rẹ̀. Síbẹ̀, ara ń fu Nazuna. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ ó jẹ́ irú òótọ́ tó máa ń wúlò fún ẹni tó bá ní nǹkan tó fẹ́ fi pamọ́.

Mitsuyo, ìyá rẹ̀, tó ń ta ẹja ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, ti kìlọ̀ fún un kó tó jáde nílé. "Rọ omi lé e lórí kó o tó sanwó. Jẹ́ kó gbẹ lójú ẹ. Ibi tó bá là, omi á pẹ́ níbẹ̀, wàá rí ìlà dúdú. Lẹ́yìn náà, pọ́n ọ̀bẹ tìẹ gan-an lórí ẹ̀. Ẹni tí kò bá jẹ́ kó o ṣe méjèèjì, kí i, kó o máa lọ."

Ilé oúnjẹ Kuzumi ní Kyoto ló fẹ́ gba ọmọ iṣẹ́ tuntun sí ilé ìdáná. Ó ti pẹ́ tí Nazuna ti ń lálàá ibẹ̀. Ìdánwò wọn kì í ṣe ti ìwé. Olúkúlùkù á gbé ọ̀bẹ àti òkúta rẹ̀ wá, á pọ́n ọ̀bẹ náà lójú ọ̀gá, á sì fi í bó dáíkónì, gbòǹgbò funfun tó nípọn bí apá, yípo yípo títí yóò fi di abala gígùn kan tó fẹ́lẹ́ bí bébà. Òkúta tí wọ́n wà jáde látinú ilẹ̀ ni wọ́n fẹ́, kì í ṣe èyí tí ẹ̀rọ ṣe. Wọn ò béèrè èyí tí kò kúnná, tí wọ́n fi ń tún ọ̀bẹ tó kán lẹ́nu ṣe. Wọn ò sì béèrè èyí tó kúnná jù, tí wọ́n fi ń dán ọ̀bẹ. Ti àárín ni wọ́n fẹ́, nítorí òun ló ń ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Asagi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí àwọn méjèèjì jọ ń lọ ṣe ìdánwò náà, gbá a ní ìgúnpá. Ó ti ra tirẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí kan náà.

"Nazuna, jọ̀ọ́, má dójú tì mí. Ṣé ẹja lo wá rà ni, tó o fẹ́ fi omi ṣàn án?"

Ọlọ́jà bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀rẹ́ ẹ lajú. Wo òǹtẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀. Ihò tí wọ́n ti wà á ti di títì tipẹ́, irú ẹ̀ ò sí mọ́. Òkúta yìí dákẹ́ bí adágún omi, àbúrò mi. Ó ń bá irin sọ̀rọ̀ bí ìyá ṣe ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀."

Nazuna ò mọ ohun tí ìyẹn fẹ́ ṣe fún ọ̀bẹ. Ó gbé òkúta náà sókè. Wọ́n fi ọ̀dà dúdú kun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyẹn náà kì í ṣe tuntun, wọ́n máa ń kun ẹ̀gbẹ́ òkúta kí omi má baà là á. Àmọ́ ojú òkúta yìí ti gbó, ọ̀dà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ṣì ń rùn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju eéje lọ.

Ó fẹ́ béèrè. Ṣùgbọ́n Asagi ti ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, àwọn èèyàn ti ń wò wọ́n, ọlọ́jà sì ti ń fi bébà wé òkúta. Ojú ti Nazuna. Ó sanwó.

Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ gba òkúta náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e sábẹ́ omi, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì ń wò ó. Ojú òkúta ń gbẹ díẹ̀díẹ̀. Ìlà dúdú kan kò gbẹ. Ó gba ojú òkúta kọjá láti igun kan dé ìkejì.

"Ṣé o rọ omi sí i lọ́jà?"

"Ó ní òtútù á là á."

"Òun ló ní bẹ́ẹ̀. Ìwọ ńkọ́, kí lo ní?"

Nazuna wolẹ̀. Mitsuyo gbọ́ òórùn ọ̀dà náà, ó yínmú. Ó lọ gbé òkúta tirẹ̀ wá láti ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹja. Ọ̀bẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán, kò nípọn ju ọṣẹ tó ṣẹ́kù sí balùwẹ̀ lọ. "Gbé tèmi lọ. Kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n."

Nazuna rò ó pé Asagi máa rí òkúta yìí. Ó ti ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ létí. "Màmá, tèmi yìí á ṣe é."

"Á ṣe é ni tàbí á dára láti wò?"

Nazuna wé òkúta tuntun náà padà sínú bébà.

Lọ́jọ́ ìdánwò, Ọ̀gá Kuzumi, obìnrin kúkúrú kan tí kì í rẹ́rìn-ín, dúró ti tábìlì wọn. Asagi ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó sì ń ka orúkọ ihò tí òkúta rẹ̀ ti wá bí ẹni ń ka oríkì. Ọ̀gá fi ìka tọ́ ẹrẹ̀ tó jáde lójú òkúta náà wò, irú ẹrẹ̀ tó ń jẹ́ kí ọ̀bẹ mú.

"Òkúta yìí dára. Kì í ṣe ibi tó o dárúkọ yẹn ló ti wá. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ purọ́, orí ẹ ló bá ẹ ṣe é. Má pe orúkọ yẹn mọ́ níbí. Bó dáíkónì."

Asagi bó tirẹ̀ láìjá.

Ó wá kan Nazuna. Ó ń pọ́n, ó ń yẹra fún ìlà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ, tó tún ń sá fún òkúta, ṣé ó ń pọ́n nǹkan kan? Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i. Ẹnu ọ̀bẹ há sí ojú ìlà náà. Òkúta fọhùn pé *kà*, ó là sí méjì lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ẹnu ọ̀bẹ sì kán.

Ọ̀gá Kuzumi mú ìdajì kan, ó yẹ inú rẹ̀ wò. Ojú ibi tó là ti pọ́n bí ìpẹtà. Ó ti pẹ́ tó ti là.

"Ṣé o mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

Nazuna lè sọ pé òun ò mọ̀. Asagi ń wò ó, ó ń mi orí fún un pé kó sọ bẹ́ẹ̀.

"Mo mọ̀, Ọ̀gá. Ara ti fu mí láti ọjà. Ojú ló tì mí tí mi ò fi béèrè. Màmá mi tún fún mi ní òkúta tó dáa, mo ní kò lẹ́wà."

"Ìfura tó o gbé pamọ́ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni," Ọ̀gá sọ. "Máa lọ. Tí wọ́n bá ti ń gbin ìrẹsì, tó o bá ti ní òkúta tí ìwọ fúnra ẹ yàn, padà wá. Mi ò ṣèlérí."

Nígbà tí yìnyín ti lọ, Nazuna padà sí ọjà tẹ́ńpìlì náà. Ó mú ọ̀bẹ rẹ̀, tí wọ́n ti tún ẹnu rẹ̀ ṣe, àti fúláàsì omi lọ́wọ́. Ọkùnrin yẹn ṣì wà níbẹ̀.

"Má da omi sí i o! Oòrùn yìí ti mú jù. Omi á gbẹ kíákíá, á fà á ya."

"Bàbá, ìgbà wo gan-an lòkúta yín máa ń wẹ̀?"

Obìnrin tó ń ta ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn fi ẹ̀rín fọ́n tíì ẹnu rẹ̀ dànù. Ojú ọkùnrin náà le. "Ọmọ aláìlẹ́kọ̀ọ́!"

"Ẹ kú ọjà o," Nazuna sọ, ó sì kọjá lọ.

Ní ìsàlẹ̀ àgbàlá, ọkùnrin kan tí òun náà ń ta òkúta jókòó ti bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, ó ń jẹ ìrẹsì tí wọ́n ṣù rìbìtì. "Omi rèé. Má gé ara ẹ," ló sọ, ó tún bu oúnjẹ jẹ. Nazuna fura sí òun náà. Ó rọ omi sí òkúta kan, òkúta náà fà á mu bí iyanrìn. Òmíràn le jù, ọ̀bẹ kàn ń yọ̀ lórí rẹ̀ láìmú ẹrẹ̀ jáde. Òmíràn ní ẹyọ líle kan nínú, tó ń ha irin. Ó wá gbé ọ̀kan tó rí bí ẹrẹ̀ gbígbẹ, tí igun rẹ̀ ti kán. Ó jẹ́ kó gbẹ, kò rí ìlà. Ó pọ́n ọ̀bẹ lórí rẹ̀. Ẹrẹ̀ dúdú jáde wẹ́rẹ́, ọ̀bẹ jókòó sórí rẹ̀ láìfò. Ó tún un ṣe, ó tún un ṣe sí i, títí ọlọ́jà fi jẹun tán.

"Ṣé o fẹ́ fẹ́ ẹ ni?"

"Mo fẹ́ rà á."

Nígbà tí wọ́n ń gbin ìrẹsì, Nazuna padà síwájú Ọ̀gá Kuzumi, abala dáíkónì rẹ̀ sì gùn títí ó fi kan ilẹ̀. Ọ̀gá gbé e sókè sí ojú fèrèsé, ó ń wo ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí òkúta tí kò lẹ́wà yẹn.

"Ihò wo lèyí ti wá?"

"Mi ò mọ̀. Mo mọ ohun tó ń ṣe fún ọ̀bẹ mi."

Ọ̀gá Kuzumi wo ibi tí wọ́n to àwọn bàtà funfun tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìdáná máa ń wọ̀ sí. Asagi, tí wọ́n ti gbà sí iṣẹ́ láti ọjọ́ ìdánwò, wà níbẹ̀, ó ń wẹ ìrẹsì, ó ń dọ́gbọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Èwo ló máa gba ẹsẹ̀ ẹ?" ni Ọ̀gá béèrè.

Ẹnu dùn ún ròfọ́, agada ọwọ́ dùn ún ṣánko. Bí ara bá fu ọ́, béèrè, kódà kí ọ̀rẹ́ rẹ fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń ta ohun tó dára kì í sá fún omi.