Ẹlẹ́rìí Kejì fún Sàlàkọ́

Orí obìnrin náà ti wọ abẹ́ ẹ̀rọ kí Àbúdù tó rí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló yọ síta, pẹ̀lú bàtà funfun tí omi ẹ̀gẹ́ ti sọ di aláwọ̀ eérú. Ní ibùdó gaàrí Ayépé, kò sẹ́ni tó ń wọ bàtà funfun.

"Ẹ̀yin tí ẹ wà lábẹ́ ibẹ̀ yẹn, ẹ jáde o! Bẹ́líìtì kò mọ ọmọ olówó!"

Obìnrin náà fa ara rẹ̀ jáde. Ẹ̀gẹ́ rírin ti lẹ̀ mọ́ ọn nímú, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí owó he. "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ̀rọ yìí, ti mọ́tò ni, àbí?"

Láti ọdún mẹ́tàdínlógún tí Àbúdù ti ń tún ẹ̀rọ ṣe, ẹnikẹ́ni kò bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. "Ti Bẹ́dífọ́ọ̀dù ni. Bàbá mi ló yọ ọ́ lára ọkọ̀ tó dànù. Àwọn ló ṣe ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ rin ẹ̀gẹ́ ní àdúgbò yìí. Sàlàkọ́ lorúkọ wọn. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Mubarakah ni. Olùkọ́ ìtàn ni ní yunifásítì Ijagun, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn ọba àti ogun. Ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe fún ọmọ èèyàn ló ń kọ: bí ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe bọ́ àwọn opó, àti bí ẹ̀rọ gaàrí ṣe gba ọwọ́ àwọn obìnrin sílẹ̀ lẹ́nu páànù oníhò tó ń bó wọn níka. Ọdún mẹ́wàá ló ti wà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Dókítà Ìṣó.

"Wọ́n ń sanwó fún èèyàn nítorí ìyẹn?" ni Àbúdù bi í.

"Wọ́n ń san án, ọ̀gá. Kì í kàn tètè dé ni."

Bó ṣe di pé ó ń wá ní gbogbo Sátidé nìyẹn. Àbúdù kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ìṣó lu páànù. Ó fọ bàtà funfun náà, ó fi í kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó ní kó máa wọ sílípáàsì bí èèyàn gidi. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ fi dé, "ọ̀gá" ti di "Àbú", "Dókítà" sì ti di "Múbà mi".

Lọ́jọ́ kan, Àbúdù dojú bolẹ̀, ó sọ fún un pé pírámárì mẹ́rin lòun ti kúrò níléèwé.

"Ohun tí ìwọ mọ̀," ni Mubarakah wí, "òun ni èmi ń wá kọ sílẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá."

Ó wá pè é síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ijagun. Àbúdù wọ aṣọ Iléyá rẹ̀, ó jókòó níwájú. Àwòrán ẹ̀rọ bàbá rẹ̀ yọ gàdàgbà lára ògiri. Mubarakah tọ́ka sí i, ó ní, "A kò tíì lè fìdí ẹni tó ṣe é múlẹ̀."

Àbúdù dìde, ó jáde. Ẹnu géètì ni Mubarakah ti bá a.

"Àbú, dúró! Ẹ̀rí ọmọ lórí bàbá rẹ̀, ẹlẹ́rìí kan péré ni. Bí mo bá kọ ọ́ báyìí, ẹlòmíì á pa á rẹ́ lọ́la."

"Irọ́ ni mo pa?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ tẹ́lẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn. Bá mi wá ẹlẹ́rìí kejì."

"Wọ́n ti kú tán," ni Àbúdù wí, ó sì gun ọ̀kadà lọ.

Wọn ò tíì kú tán. Ẹnì kan ṣẹ́ kù: Yasir, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Sàlàkọ́, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ti Àbúdù gan-an. Ọdún mọ́kànlá ni wọn kò ti kí ara wọn. Ìgbà tí àìsàn Sàlàkọ́ le ni Yasir lọ dá dúró, kò sì sí láàárín àwọn tó sin bàbá náà. Ẹni tí wọn kò ṣe irú rẹ̀ fún rí ni yóò ní kéèyàn gbàgbé.

Oṣù márùn-ún kọjá. Àbúdù kò pè, Mubarakah kò wá. Bàtà funfun wà lára ògiri. Bó bá gbójú kúrò lára rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù Yasir ló ń rí.

Níkẹyìn, Mubarakah fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù: "Òpin oṣù yìí ni ìwé mi ń lọ sílé ìtẹ̀wé. Mo ti rí Yasir. Ó ní òun mọ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò ní lanu àfi bí o bá wá kí òun. Àbú, mo lè bá ọ kọ̀wé. Mi ò lè bá ọ kí i."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Àbúdù fi gbọ́ ohùn yẹn ní àgbọ́túngbọ́. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, ó sọdá títì. Kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Ọdún mọ́kànlá ló fi rìn ín.

"Ẹ káàsán, Bọ̀dá Yasir."

Yasir kò gbójú sókè. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Nítorí bàbá mi ni mo ṣe wá."

Yasir gbé sípánà kalẹ̀. "Mo wá síbi ìsìnkú wọn. Ìwọ lo tilẹ̀kùn mọ́ mi."

Àbúdù mọ̀ pé òótọ́ ni. "Èmi ni. Ẹ má bínú." Ó dùn ún bí ẹni tí wọ́n yọ léyìn.

"Àwọn gan-an ló ní kí n lọ. Wọn ò fẹ́ kí n jókòó máa wo bí ọwọ́ wọn ṣe ń gbọ̀n. O ò bi mí rí, Àbúdù."

Yasir wọlé, ó gbé páànù àtijọ́ kan jáde, èyí tí Sàlàkọ́ kọ́kọ́ fi ìṣó lù. Ọlọ́wọ́ òsì ni bàbá náà. Gbogbo ihò páànù dà sápá kan bí koríko tí afẹ́fẹ́ fẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé, Mubarakah jókòó sáàárín àwọn méjèèjì, ó gba ohùn Yasir sílẹ̀.

Nígbà tí ìwé náà jáde, Àbúdù fi ìka tọ orúkọ náà, ó kà á jáde fúnra rẹ̀: "Sàlàkọ́, ọmọ Ayépé."

"Ṣé o ti bínú tán?" ni Mubarakah bi í.

"Ó ku díẹ̀."

"Kí ló máa parí èyí tó kù?"

"Bí o bá gbà kí n fẹ́ ọ."

"Alágídí! Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, ta lo rò pé mo ń dúró dè?"

Ilé bàbá Mubarakah ní Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti so yìgì. Àfáà wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Àwọn ẹlẹ́rìí dà?"

Àbúrò bàbá ìyàwó na ọwọ́ sókè. Láti ẹ̀yìn Àbúdù, Yasir náà na tirẹ̀, ọwọ́ tí òróró ẹ̀rọ kò ní ṣí lára rẹ̀ láéláé.

Mubarakah, tó wọ bàtà funfun, rọra sọ̀rọ̀ sí ọkọ rẹ̀ létí. "Ṣé méjì ti pé?"

"Ó pé," ni Àbúdù wí. "Kọ ọ́ sílẹ̀."